Ọkùnrin Oníbòjú Tí Àwáwù Mu

Òórùn màásà ló máa ń jí mi nílé wa lẹ́yìn Ọjà Tuntun. Ìyá mi á ti lọ ìrẹsì, á ti pò ó láti ọjọ́ tó ṣáájú, á ti wú, á sì ti kan díẹ̀. Tí òróró bá ti gbóná nínú àwo olójú kéékèèké tó fi ń dín in, òórùn yẹn á gba ojú fèrèsé wọlé, á bá mi lórí ẹní, á sì fà mí dìde bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Àwọn bàbá tó ń ti ìrun Súbúhì bọ̀ á ti dúró níwájú àdògán Ìyá, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, wọ́n á máa sọ pé àwọn ò ní jẹ ju méjì lọ. Mẹ́fà ni wọ́n máa ń jẹ.

Iṣẹ́ tèmi ni bébà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí pé láyé ìgbà yẹn, ní ìparí àwọn ọdún 1980, bébà la fi ń wé ohun gbogbo. Ìyá máa ń ra ìdìpọ̀ ìwé àlòkù lọ́wọ́ obìnrin kan nínú ọjà: ìwé ìròyìn, ìwé ìdánwò tí tíṣà ti fi bírò pupa bà jẹ́, kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá. Èmi ni màá ya wọ́n sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì kí n tó lọ sílé ìwé. Mo kàwé púpọ̀ lára màásà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ Káírò, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹnì kan ti fi ìdajì ìròyìn náà nu ọwọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọwọ́ mi kan ìwé kan tí ò jọ ìyókù nínú ìdìpọ̀ náà. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ojú ìwé bíi mẹ́wàá àkọ́kọ́ ti lọ, ìparí rẹ̀ náà ti lọ. Ó dájú pé àwọn oníbàárà àná ti fi jẹ màásà. Àwòrán ló kún inú ẹ̀ ní àpótí àpótí, ọ̀rọ̀ òyìnbó sì wà lókè orí àwọn èèyàn. Mo mọ kọ́míìkì, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. A máa ń pín in kà nílé ìwé, a ó sì rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa run wá. Èyí ò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Dúdú ni gbogbo ẹ̀. Òjò ń rọ̀ ní ojú ìwé tó bẹ̀rẹ̀, òjò ṣì ń rọ̀ ní ojú ìwé tó kẹ́yìn. Mo fi í sábẹ́ aṣọ mi, mo ya ìwé ìròyìn dípò ẹ̀.

Ọkùnrin kan ni ìwé náà ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Ó ń tún aago ṣe lọ́sàn-án. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á fi ìbòjú tí wọ́n fi àpò rán bo orí, á bọ́ síta, á sì máa gba àwọn aláìlágbára lọ́wọ́ àwọn ìkà. Agbára ẹ̀ ju ti èèyàn lọ; ó lè fi ọwọ́ kan gbé mọ́tò. Títí dé ibẹ̀, ó dùn mọ́ mi. Àmọ́ tó bá padà délé, tó bọ́ ìbòjú náà, tó fi í kọ́ ìṣó, ìbòjú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Á ní kì í ṣe tìtorí àwọn aláìlágbára ló ṣe ń jáde. Á ní lílù tó ń lu èèyàn yẹn ló ń dùn mọ́ ọn. Ojú ìwé kan wà tó jẹ́ pé ojú ọkùnrin náà nìkan ló wà níbẹ̀, nínú àpótí mẹ́sàn-án. Òógùn ń bọ́ lára ẹ̀, ìbòjú sì ń sọ̀rọ̀.

Mi ò tí ì rí alágbára tó ń bẹ̀rù ara ẹ̀ rí. Gẹ̀ẹ́sì mi ò tó nǹkan, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, pírámárì márùn-ún ni mo wà. Èyí tí mo bá mọ̀ mo kà, èyí tí mi ò bá mọ̀, mo tẹjú mọ́ àwòrán ẹ̀ títí tó fi yé mi. Mo kà á tó ìgbà ogún. Ojú ìwé alápòótí mẹ́sàn-án yẹn ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń bà mí lẹ́rù.

Mi ò lè jẹ́ kí Bàbá rí i. Àáfà ni bàbá mi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú nínú àkòdì wa, èmi náà sì wà lára wọn. Wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í ya ohun ẹlẹ́mìí, torí Ọlọ́run nìkan ló ń fi ẹ̀mí sínú nǹkan. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá. Kì í pariwo, pàṣán ẹ̀ sì máa ń pẹ́ lára ògiri kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ẹ̀rù ẹ̀ máa bà mí, torí ẹni tó bá ń pariwo, èèyàn á mọ ìgbà tó parí. Ìyá Àgbà, tó bí Bàbá, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, tòsì la fi ń fà á mọ́ra. Ìwọ Àáfà, o kàn ká ọwọ́ méjèèjì lẹ́rán ni."

Àwáwù, àbúrò mi, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Òun ló gba ẹ̀yìn Ìyá mọ́ mi lọ́wọ́, kò sì sí ohun tí mo ní tí òun náà ò fẹ́. Ó rí ibi tí mo fi ìwé náà pamọ́ sí lábẹ́ àpótí aṣọ. Mo tilé ìwé dé lọ́jọ́ Ajé kan, mo bá a lẹ́yìn ilé. Ó ti fa ojú ìwé alápòótí mẹ́sàn-án náà ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó bu erùpẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ta màásà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ra màásà," ló wí, ó na ọ̀kan sí mi.

Mi ò nà án. Tí mo bá nà án, á ké, Ìyá á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ìwé á sì hàn síta. Ìyá ló máa ń sọ fún wa pé sùúrù ni baba ìwà; ohun tí mo ní lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe sùúrù, ẹ̀rù ni. Mo gbé gbogbo ìbínú náà mì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo Àwáwù lójú, mo sì sọ ọ́ nínú mi, kedere, bí ẹni ń ka ìwé: kí nǹkan kan ṣe ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ibà mú Àwáwù.

Ibà náà ò lọ bọ̀rọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn ní dìsípẹ́ńsárì, ó bì í. Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ, ó bì í. Ìyá ò dín màásà mọ́, gbogbo agboolé sì ń jí láìgbọ́ òórùn kankan. Àwọn bàbá á kọjá, wọ́n á ní "Ọlọ́un á fún un ní àlàáfíà," wọ́n á sì máa lọ. Mo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo máa ń wo àyà Àwáwù bó ṣe ń lọ sókè sódò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi ni.

Ní ọjọ́ Alámìísì, Bàbá kọ hàntú fún un. Ó fi yíǹkì tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára pátákó wàláà rẹ̀, ó gbé wàláà náà ti ògiri yàrá, ó sì sọ fún Ìyá Àgbà pé tó bá ti gbẹ, kí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ sínú àwo, kí wọ́n fún Àwáwù mu. Ó wá jáde lọ kí àwọn tí wọ́n ṣe òkú ní àdúgbò kejì, ó ní òun á dé kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì. Ìyá náà lọ wá oògùn mìíràn ní kẹ́mísì. Kì í sí kéú lọ́jọ́ Alámìísì, nítorí náà ilé dákẹ́.

Mo ti tilé ìwé dé. Ojú ìwé tí Àwáwù fà ya yẹn ti ń sá kúrò níyè mi, mo sì fẹ́ ya àwòrán ẹ̀ kí n tó gbàgbé. Bébà á tú àṣírí mi. Àmọ́ tó bá jẹ́ wàláà ni, omi lásán ló máa pa á rẹ́. Mo gbé wàláà tèmi lọ sẹ́yìn ilé pẹ̀lú ìgò tàdáwà mi àti gègé kálámù, mo sì ya ọkùnrin náà láti àpótí kìíní dé ìkẹsàn-án. Mi ò ya ẹyinjú fún un. Mo ti bá ara mi ṣe àdéhùn pé ohun tí ò bá lójú ò lẹ́mìí. Ẹ ò rí i pé lọ́yà ló yẹ kí n jẹ́.

Bí mo ṣe parí ni mo gbọ́ ìkọ́ Ìyá Àgbà. Ó ń bọ̀. Mo ní láti fọ wàláà kíá. Ẹni tó bá kéú nílùú wa mọ̀ pé a kì í da omi wàláà sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ á ti tẹ̀ ẹ́. Inú àwo là ń fọ̀ ọ́ sí, ká tó wá ibi tó mọ́ dà á sí, tàbí ká mu ún. Omi tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni ọwọ́ yẹn ti ń fọ wàláà sínú àwo. Ó mú àwo tánganran, ó fọ ọkùnrin náà sínú ẹ̀ títí omi fi dúdú, ó sì rọra gbé e lé orí ìkòkò omi lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá. Mo sáré lọ gbé wàláà pamọ́. Mo ní màá padà wá gbé àwo lọ sídìí igi.

Nígbà tí mo padà dé, Ìyá Àgbà ti jókòó, ó gbé Àwáwù sórí ẹsẹ̀, àwo náà sì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Mu ún tán, ọmọ mi. Bísímílà. Àlùbáríkà ni," ló ń wí. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá rẹ ti bá mi fọ hàntú sílẹ̀ kó tó jáde. Ọlọ́un á jẹ́ ó ṣiṣẹ́."

Kò sí nǹkan kan nínú àwo mọ́. Ètè Àwáwù dúdú. Ó wò mí, ó lá ètè náà. Ojú Ìyá Àgbà ò ríran dáadáa mọ́, kò sì rí i pé wàláà Bàbá ṣì wà lára ògiri lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣì wà lára ẹ̀, ó ti gbẹ kanrin.

Mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Kì í ṣe pé mo ti gégùn-ún fún un nìkan, mo tún ti fọ ọkùnrin yẹn sí i nínú. Mo rí i nínú ọkàn mi, tó jókòó sínú òkùnkùn ikùn Àwáwù láìlójú, tó ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà náà ni nǹkan kan bá èmi náà sọ̀rọ̀. Ó ní kí n lọ fọ wàláà Bàbá, kí n da omi ẹ̀ síbi tó mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ní ṣebí ohun tí mo fẹ́ ló ṣẹlẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo mọ ohùn náà. Ìgbà ogún ni mo ti kà á.

Ohun tó gbé mi dìde ni pé tí mo bá gbọ́ tiẹ̀, Àwáwù ò ní mu hàntú tòótọ́ mọ́, á sì kú. Mi ò dúró kí Bàbá dé. Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo pàdé ẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Bàbá, Àwáwù ti mu ọkùnrin kan."

Bàbá dúró. "Ó mu kín ni?"

Ó fà mí lọ́wọ́ títí dé inú àkòdì, ó jókòó sórí awọ àgbò tó fi ń kọ́ wa ní kéú, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dópin. Kò wo pàṣán. Ó ní kí n lọ gbé ìwé náà wá. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí i jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣí kìtáábù, ó sì ní kí n kà á fún òun, torí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ń kà, mo ń túmọ̀, mo ń sunkún. Ó ń gbọ́ bó ṣe máa ń gbọ́ ọmọ tó ń ka hísíbù Àlùkùránì, ó gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí mo dé ibi tí ìwé já sí, ó béèrè pé, "Ta ló wá borí? Ṣé ọkùnrin yìí ni àbí ìbòjú ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Wọ́n ti fi ìparí ẹ̀ wé màásà."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó gbé e mì. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń borí?"

Nígbà náà ni mo sọ èyí tó le jù: ohun tí mo wí nínú mi lọ́jọ́ Ajé. Mo ní èmi ni mò ń pa Àwáwù. Bàbá pa ìwé náà dé. Ó wá na ọwọ́ òsì, ó fà mí mọ́ra, orí mi wà láàárín agbádá àti àyà ẹ̀ níbi tó ń rùn ní tùràrí.

"Mémúnà, ẹ̀fọn ló jẹ àbúrò rẹ," ló wí. "Bí ìbínú inú bá ń pààyàn, ta ni ì bá kù ní Ìlọrin? Gbogbo èèyàn ló ní ẹni tó ń bá a sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi náà ní tèmi. Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọmọ kéú, o ò gbọ́ ohun tí tèmi yẹn máa ń sọ fún mi. Lọ́jọ́ ìdájọ́, wọn ò ní bi ọ́ pé kín ló sọ. Ohun tí o bá gbẹ́sẹ̀ lọ ṣe ni wọ́n máa bi ọ́. O sì ti gbẹ́sẹ̀ wá."

Ó ní kí n gbé wàláà mi wá. Mo rò pé ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi ni. Kálámù ló fi lé mi lọ́wọ́. Kò sí ọmọ kéú tó ń kọ hàntú fún aláìsàn nílé wa, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọmọbìnrin. Bàbá ń ka Fátíhà ní díẹ̀díẹ̀, mo ń kọ, ìlà mi wọ́ bí ejò. Mo ní kó jẹ́ kí n tún un kọ. Ó ní Ọlọ́run mọ ọwọ́ ọmọdé. Nígbà tó gbẹ, ó gbé wàláà tirẹ̀ wá, a fọ méjèèjì pọ̀ sínú àwo kan, èmi ni mo sì gbé e sẹ́nu Àwáwù. Kò kọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà, bàbá mi, Àáfà tí kì í kánjú, pọn Àwáwù sẹ́yìn bí obìnrin, ó ko agbádá lé èjìká, ó sì forí lé ọsibítù. Ìyá pàdé wa lọ́nà, ó bú sẹ́kún. "Ọlọ́un tó ni hàntú náà ló ni abẹ́rẹ́," Bàbá wí fún un, kò dúró. Wọ́n fún Àwáwù ní abẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára. Lọ́jọ́ kẹta, ó béèrè màásà.

Bàbá ò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni, títí kan Ìyá. Kò jó ìwé náà. Ó ní bébà màásà ni, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ya á, mo fi wé màásà fún àwọn oníbàárà, ó sì dùn mí. Tíṣà kan padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ń bẹ Ìyá pé kó jọ̀ọ́ bá òun wo ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Ìyá rò pé orí ẹ̀ ti dàrú.

Bàbá ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Èmi ti lé ní ogójì, mo ti ń pa irun dà. Lẹ́yìn ikú ẹ̀, èmi àti Àwáwù jà lórí Ìyá. Ó fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀ ní Àbújá, mo ní Ìyá ò ní fi Ìlọrin sílẹ̀. Mo sọ fún un lórí fóònù pé ẹni tó bá lọ fún ọdún mẹ́wàá ò mọ ìyá tó bí i mọ́. Ó gé fóònù. Oṣù mẹ́ta la ò fi bára wa sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé fóònù, tí mo ń gbé e sílẹ̀. Ohun kan nínú mi ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé èmi lẹ̀gbọ́n, kí àbúrò wá bẹ̀ mí.

Fóònù dún ní àárọ̀ Jímọ̀ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Àwáwù ni. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì ni mo jókòó sí. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé náà fún un, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ àwo, gbogbo ẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbọ́ ọ dópin bíi Bàbá.

Ó wá ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ wí i pé kí nǹkan ṣe mí? Èmi ti wí i sí yín tó ìgbà mẹ́wàá láàárín oṣù mẹ́ta yìí." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹkún.

Ìyá máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn ò wọ bàtà, kò sì dúró kí wọ́n pe ìrun Àsárì kó tó sáré lọ bá ẹni tó ń bẹ̀rù jù láyé. Èmi tí mo ní bàtà, tí mo ní fóònù lọ́wọ́, mo jókòó fún oṣù mẹ́ta, àbúrò mi ló sì kọ́kọ́ pè.